Òrùlé Líle Aṣeéká Lára Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Ìtàn Rẹ̀ Láti Ilẹ̀ Faransé Títí Dé Ọjà Trade Fair ní Èkó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn òrùlé líle aṣeéká, ìyẹn òrùlé onírin tí ó lè ká ara rẹ̀ wọ inú búùtù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A tọpa rẹ̀ láti ọdún 1922 títí di àsìkò yìí. A sì wo bí ó ṣe kan Nàìjíríà, níbi tí Peugeot àti Volkswagen, ilé-iṣẹ́ méjì tí wọ́n ṣe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975. Èrò wa ni pé iṣẹ́ ìtòpọ̀ ni a gbà lọ́wọ́ wọn, a kò gba ọgbọ́n àgbékalẹ̀. Àti pé àwọn tí wọ́n sún mọ́ ọgbọ́n náà jù lọ láàrin wa ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń tú ọkọ̀ tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Iṣẹ́ náà parí pẹ̀lú ìmọ̀ràn fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a fojú ara wa rí ìtumọ̀ òwe yìí ní títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, nítòsí Trade Fair. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, òrùlé rẹ̀ há sí agbede méjì: kò bo ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀, kò sì wọ inú búùtù lọ. Òjò ti ṣú dùdù. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ń tẹ súwíìṣì, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò mì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí epo ti sọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ di dúdú yà sí wọn. Ó wo inú búùtù, ó sì rí i pé aṣọ tí a fi ń pín inú búùtù sí ọ̀nà méjì, kí ẹrù má baà dènà òrùlé, ti já kúrò níbi tí ó yẹ kí ó há sí. Ó dá a padà, ó ní kí ọ̀gá náà tún súwíìṣì tẹ̀. Òrùlé náà gbéra, ó sì bo ọkọ̀ kí òjò tó dé. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: "Mo ti tú u rí ni, sà."

Ìdáhùn yìí ni ó bí iṣẹ́ tí ẹ ń kà yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ ìdí tí ohun kan fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kan ní èdè tí ó fi ń ronú tí ó lè sọ fún un ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan náà, ìṣòro tí onítọ̀hún ń gbìyànjú láti yanjú, àti ìdí tí nǹkan náà fi rí bí ó ti rí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti sọ ìtàn náà ní Yorùbá, kí a sì wo ohun tí ó ń kọ́ wa nípa ara wa.

Ohun Tí Òrùlé Líle Aṣeéká Jẹ́

Ọkọ̀ tí ń ṣí orí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a kọ́kọ́ ṣe ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ní òrùlé rárá; bí kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n rí. Nígbà tí òrùlé dé, aṣọ tàbí awọ tí a nà lé orí ọ̀pá ni. Aṣọ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti ká bí agboòrùn. Àmọ́ ó ń gbó, olè lè fi ọ̀bẹ là á, ariwo títì sì ń gba inú rẹ̀ wọlé. Òrùlé irin ní tirẹ̀ le, ó ń dènà ariwo àti òjò, ó sì ń dáàbò bo ènìyàn. Ṣùgbọ́n a kì í ká irin bí ẹni ká aṣọ. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ẹni tí ó fẹ́ ṣe òrùlé líle aṣeéká nìyí: báwo ni ohun tí kò ṣeé rún mọ́ra yóò ṣe wọ inú àyè tí ó kéré sí i?

Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ní apá mẹ́rin. Èkíní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe òrùlé náà lẹ́yìn ọdún 1990 gé e sí méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí a lè to àwọn ègé náà lé ara wọn lórí. Èkejì, a fi àwọn apá irin so ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ọkọ̀. Bí a bá fi ìdè so ọ̀pá mẹ́rin pọ̀ ní orígun mẹ́rin, tí a sì de ọ̀kan mọ́lẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́ta yòókù lè gbà rìn. Gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ọ̀nà náà. Èyí ni òrùlé fi ń gba ibi kan náà lọ, tí ó sì ń gba ibẹ̀ padà lójoojúmọ́ láì kọ lu gíláàsì tàbí ìjókòó. Ẹ̀kẹta, ìdérí búùtù gbọ́dọ̀ ṣí sí ọ̀nà méjì: ó ń ṣí láti ẹ̀yìn fún ẹrù bí ti ọkọ̀ gbogbo, ó sì tún ń ṣí láti apá iwájú kí òrùlé lè wọlé. Ẹ̀kẹrin ni agbára àti ètò. Ẹ̀rọ iná kékeré kan ń ti epo gba inú páìpù lọ sínú àwọn ọ̀pá tí epo ń nà jáde, àwọn ọ̀pá náà ni ó sì ń gbé irin. Àwọn súwíìṣì kéékèèké tí wọ́n fara pamọ́ ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé ìgbésẹ̀ kìíní ti parí, kí èkejì bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dáhùn, gbogbo rẹ̀ yóò dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀: Láti 1922 sí 1942

Ní ọdún 1922, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ben Ellerbeck ṣe òrùlé líle tí a ń fi ọwọ́ tì sẹ́yìn sára ọkọ̀ Hudson kan. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n kò di ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe tà.

Ẹni tí ó mú èrò náà dé ọjà ni Georges Paulin, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Dókítà eyín ni Paulin, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa ya àwòrán ọkọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí òrùlé onírin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan tí ń yí sẹ́yìn wọ abẹ́ ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Marcel Pourtout, tí ń kan ara ọkọ̀, ni ó sọ àwòrán di irin. Émile Darl'mat, tí ń ta ọkọ̀ Peugeot ní Paris, wà nínú àjọṣe náà pẹ̀lú. Ní 1934, òrùlé náà dé orí Peugeot 401, wọ́n sì pe ọkọ̀ náà ní Éclipse, orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn lójú. Lẹ́yìn náà ni ó dé orí Peugeot 601 àti 402. Iná bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbé òrùlé náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ tì.

Ogun Àgbáyé Kejì fòpin sí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, Paulin darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìkọ̀kọ̀. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1942. Ikú pa Paulin, kò pa ọgbọ́n rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n náà ti wà nínú ìwé. Òfin ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó bá béèrè fún un ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ débi pé oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn yóò lè ṣe é. Kókó yìí ṣe pàtàkì. A ó padà sí i.

Ford àti Ìṣòro Wáyà: 1957 sí 1959

Lẹ́yìn ogun náà, Amẹ́ríkà ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ Ford gbé Fairlane 500 Skyliner jáde. Ọkọ̀ náà tóbi, òrùlé rẹ̀ sì gùn débi pé wọ́n ní láti ṣe etí iwájú rẹ̀ kí ó lè ṣẹ́ po kí ó tó wọ búùtù. Kọ̀ǹpútà kò tíì kéré tó ohun tí a lè fi sínú ọkọ̀ nígbà náà. Nítorí náà, àwọn súwíìṣì, àwọn ẹ̀rọ iná kéékèèké àti wáyà tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 180 ni wọ́n fi ṣètò ìrìn òrùlé náà.

Àwọn ènìyàn máa ń dúró wò ó bí ẹni ń wo egúngún. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ni ó lò lọ́jà. Wọ́n ṣe 20,766 ní 1957, 14,713 ní 1958, àti 12,915 ní 1959. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48,394. Ọkọ̀ náà wọ́n, ó wúwo, nígbà tí òrùlé bá sì wà nínú búùtù, àyè ẹrù tí ó kù kò ju àpótí kékeré kan lọ. Kì í ṣe pé ọgbọ́n Ford kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ọkọ̀ pọ̀ ju ohun tí ó ń fún un lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye èyí ti lóye ìdajì ẹ̀kọ́ àgbékalẹ̀.

Ìpadàbọ̀ àti Ìrẹ̀sílẹ̀ Rẹ̀: 1989 sí Àsìkò Yìí

Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí a tó tún gbọ́ ìròyìn rẹ̀ dáadáa. Ní 1989, Toyota ṣe 500 péré nínú Soarer Aerocabin ní Jàpáànù. Èyí tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni SLK tí Mercedes-Benz gbé jáde ní 1996. Ọkọ̀ náà kéré, ènìyàn méjì ni ó ń gbà. Ègé méjì ni òrùlé rẹ̀, epo inú páìpù ni ó ń gbé e, kọ̀ǹpútà kékeré ni ó sì ń ṣètò rẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 25, ọkọ̀ tí ó bo orí á di èyí tí ó ṣí orí. Ohun tí ó ṣòro fún Ford lára ọkọ̀ ńlá rọrùn lára ọkọ̀ kékeré.

Peugeot náà rántí ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Ní ìparí ọdún 2000, ó mú 206 CC wá, ọkọ̀ kékeré tí owó rẹ̀ kò tó ti Mercedes rárá. Ilé-iṣẹ́ Heuliez ni ó bá a ṣe òrùlé náà. 307 CC tẹ̀lé e ní 2003. Ní 2006, Volkswagen gbé Eos jáde láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Palmela, ní ilẹ̀ Pọtogí. Ègé márùn-ún ni òrùlé tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ gíláàsì tí ó lè dá ṣí. Láàrin ọdún díẹ̀, ó dà bí ẹni pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó fẹ́ ní irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó lé Ford kúrò lọ́jà kò tíì kú. Òrùlé náà ṣì wúwo, ó ṣì ń gba àyè ẹrù, ó sì ń mú kí ẹ̀yìn ọkọ̀ wú. Lápá kejì, àwọn tí ń ṣe òrùlé aṣọ kò sùn: wọ́n to aṣọ ní ìpele-ìpele títí tí ariwo àti òtútù kò fi rọ́nà gbà wọlé mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwọn tí wọ́n ń ra ọkọ̀ sì yíjú sí jíípù. Karmann ti ilẹ̀ Jámánì, tí ó ti ń ṣe ọkọ̀ aṣíorí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ gbèsè ní 2009. Heuliez kógbá sílé ní 2013. Ní 2015, Peugeot àti Volkswagen dáwọ́ dúró. BMW Z4 padà sí òrùlé aṣọ ní 2018. Àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀, bíi Ferrari àti Mazda, ṣì ń ṣe tiwọn.

Ọdún 1975 ní Ọ̀jọ́ àti Kàdúná

Kí ni ó kàn wá nínú èyí? Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ilé-iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà: ti Peugeot ní Kàdúná, ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, ní títì Àgbádárìgì kan náà tí Trade Fair wà. Títí di òní, ibùdókọ̀ kan ní Ọ̀jọ́ ṣì ń jẹ́ Volkswagen. Èyí ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ta òrùlé líle aṣeéká, àti èyí tí ó wá gé e sí márùn-ún lẹ́yìn náà, ti wà láàrin wa pẹ̀lú owó ìjọba wa nínú wọn.

Àmọ́ inú àpótí ni àwọn ọkọ̀ náà ti ń dé. A ó tú àpótí, a ó to ohun tí a bá nínú rẹ̀ pọ̀, a ó kùn ún, a ó sì tà á. Ìjọba fẹ́ kí àwọn ohun èlò tí a ń ṣe nílé máa pọ̀ sí i, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ṣeé ṣe: táyà wá láti Ìkẹjà àti Port Harcourt, bátìrì wá láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ ni a fi ń ṣe ara ọkọ̀ àti òrùlé rẹ̀, Ilé-iṣẹ́ Irin Ajaokuta tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979 kò sì tíì pèsè irú irin bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹni tí kò ní irin tí a fi ń ṣe òrùlé, báwo ni yóò ṣe jókòó ti àwòrán òrùlé?

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì. Peugeot 504 tí a tò ní Kàdúná, tí gbogbo wa mọ̀, ní ẹ̀yà kan tí ń ṣí orí, olórùlé aṣọ, tí Pininfarina ya àwòrán rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì. Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tí a tò ní Ọ̀jọ́, ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ náà, tí Karmann ṣe ní Jámánì láti 1949 títí di 1980. Ìjàpá inú àlọ́ a máa fa orí rẹ̀ wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ìjàpá ti Ọ̀jọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òrùlé aṣíorí ni a ń fẹ́ tí a kò rí. Ohun tí a ń sọ ni pé iyàrá tí a ti ń pinnu bí òrùlé yóò ṣe rí kò sí ní Ọ̀jọ́, kò sì sí ní Kàdúná. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní 1986 tí náírà sì já, àpótí wọ́n ju ohun tí a lè rà lọ. Ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ dákẹ́. Ní 2014, àwọn mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í to Nissan pọ̀ nínú ọgbà kan náà. Ìtòpọ̀ náà ṣì ni.

Àwọn Kafíńtà Bọ́lẹ̀kájà

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé a kò ní ọgbọ́n àgbékalẹ̀ rí. Kí 1975 tó dé, àwọn kafíńtà wa ni wọ́n ń kan ara bọ́lẹ̀kájà. Ẹ̀rọ, táyà àti egungun irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni ó ń ti òkè òkun wá. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe ilé orí rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìjókòó tí ènìyàn àti ẹrù yóò lè jọ lò, wọ́n sì ń fi tapólì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, èyí tí a ń ká sókè bí oòrùn bá ràn, tí a sì ń tú sílẹ̀ bí òjò bá dé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn jórinjórin tí wọ́n kan mólúè sórí egungun lọ́rì Mercedes 911.

Bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, irú iṣẹ́ tí Marcel Pourtout ń ṣe nílẹ̀ Faransé ni àwọn kafíńtà yìí ń ṣe: wọ́n gba egungun ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, wọ́n sì kan ara tí ó bá ìlú wọn mu sí i. Ìyàtọ̀ tí a rí ni pé a ya iṣẹ́ Paulin àti Pourtout sínú ìwé, a sì kọ ìdí tí nǹkan kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn kafíńtà wa wà ní orí àti ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kú, tí bọ́lẹ̀kájà sì kúrò ní títì, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn lọ. Lónìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó lè ṣí ìwé kan ní Yorùbá kí ó sì rí bí a ṣe ń wọn pákó òrùlé bọ́lẹ̀kájà.

Trade Fair: Ibi Tí A Ti Ń Ka Ọkọ̀ Láti Ẹ̀yìn

Zoran Bojović, ayàwòrán ilé ní ilé-iṣẹ́ Energoprojekt ti Yugosláfíà, ni ó ya àwòrán ọgbà Trade Fair. Ọgbà náà wà ní títì Àgbádárìgì, kò jìnnà sí Festac Town ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ìlú tí a kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ti oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977. Ní ìparí ọdún kan náà ni ìpàtẹ ọjà àgbáyé wáyé nínú ọgbà náà. Èrò ìgbà náà ni pé Nàìjíríà yóò máa pàtẹ ohun tí ó ṣe fún aráyé wò. Nígbà tí ó yá, ìpàtẹ ọdọọdún kó lọ sí Gbàgede Tafawa Balewa ní Erékùṣù Èkó, àwọn oníṣòwò sì gba ọgbà náà. Lára wọn ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ohun èlò ọkọ̀ tí a mọ̀ sí ASPAMDA. Bí ilé-iṣẹ́ ìtòpọ̀ ṣe ń dákẹ́, tí tòkunbọ̀ ń ti Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, tí òmíràn sì ń gba èbúté Èkó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni irú ọjà yìí ń gbòòrò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò náà jẹ́ ọmọ Igbo. Yorùbá, Igbo àti pijin ni ó ń pàdé lẹ́nu wọn. Ọ̀nà tí a gbà ń mọ ọkọ̀ ní irú àyíká bẹ́ẹ̀ lòdì sí ti ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣòro, ó ya àwòrán, ó sì parí sí ọkọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, wọ́n sì ń rìn padà sí ìdí tí ayàwòrán fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Riwáyà mọ̀ pé bí bátìrì bá rẹ̀, òrùlé lè dúró lójú ọ̀nà, nítorí náà kí ẹ̀rọ ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí a tó ṣí i. Mẹkáníìkì mọ̀ pé rọ́bà etí páìpù epo ń gbó nínú ooru, epo á sì máa jò. Ẹni tí ń na ara ọkọ̀ mọ̀ pé bí ìjàǹbá bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ díẹ̀ péré, òrùlé kò ní rí ibi há sí mọ́. Ẹni tí ń tún rọ́bà ilẹ̀kùn ṣe mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe sí i, ó sì mọ̀ pé ewé tí ó bá dí ihò omi ni ó ń mú kí òjò rọ́nà wọlé. Bí a bá kó ìmọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀, ẹ̀kọ́ àgbékalẹ̀ òrùlé ni. Kò sí ẹni tí ó tíì kó o pọ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní àkókò púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí Peugeot àti Volkswagen ti dáwọ́ irú ọkọ̀ yìí dúró láti 2015, bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni yóò túbọ̀ jẹ́ pé ara ọkọ̀ tí ó ti kú ni a ó ti máa yọ ohun èlò fún èyí tí ó ṣì wà láàyè. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà bá tán, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí mọ̀ lè tẹ̀lé ti kafíńtà bọ́lẹ̀kájà lọ.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Ṣe

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ti òrùlé ọkọ̀ olówó ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fún ara wọn mọ́ inú dáńfó? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé a kò ní kí a máa ra òrùlé náà. A ní kí a kọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin tí a fi ìdè so pọ̀ wà nínú àga tí a ń ká, ó wà nínú ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì wà nínú ẹ̀rọ oko.

Èkíní, kí olùkọ́ fi páálí, ìgbálẹ̀ àti pín-ìn-nì ṣe ọ̀pá mẹ́rin náà nínú kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yí gígùn ọ̀pá kan padà, kí ó sì sọ ohun tí ó yí padà nínú ìrìn rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 kó ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbó sínú àpótí. Àpótí náà tún ni. Páálí tí akẹ́kọ̀ọ́ gé fúnra rẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ tí kò jáde nínú àpótí lọ.

Èkejì, kí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu ẹni tí ń ṣiṣẹ́ dára ju èyí tí a jókòó sí ọ́fíìsì hun lọ. "Òrùlé líle aṣeéká" tí a lò níhìn-ín jẹ́ àbá lásán. Bí àwọn tí ń tú u bá ní orúkọ tí ó sàn jù ú lọ, kí tiwọn borí.

Ẹ̀kẹta, kí a máa kọ ìdí pẹ̀lú ìṣe. Kò tó kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé "a dá aṣọ búùtù padà sí àyè rẹ̀." Kí ó kọ ìdí tí ẹni tí ó ya àwòrán ọkọ̀ fi pinnu pé bí aṣọ náà kò bá sí ní àyè rẹ̀, òrùlé kò gbọdọ̀ mì. Ìdí yẹn ni Paulin fi sílẹ̀ tí àwọn kafíńtà wa kò fi sílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọpa òrùlé líle aṣeéká láti ọwọ́ Ellerbeck àti Paulin, dé ọ̀dọ̀ Ford, Mercedes-Benz, Peugeot àti Volkswagen. A rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó kùnà kí ó tó yege, àti pé lẹ́yìn tí ó yege pàápàá, ìwúwo àti àìsí àyè ẹrù tún lé e kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. A rí i pé ní 1975 a kọ́ bí a ṣe ń to ọkọ̀ pọ̀, a kò kọ́ bí a ṣe ń pinnu bí yóò ṣe rí. A sì rí i pé àwọn tí ń tú u ní àyíká Trade Fair àti irú rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn rìn jìnnà sínú ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kò fún wa.

Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti olùkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bá pàdé ní ẹ̀gbẹ́ títì kò dúró kí a tó bi í ní orúkọ rẹ̀ tàbí ti ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Iṣẹ́ ń dúró dè é. Bí a bá tún pàdé irú rẹ̀, ó yẹ kí a ti mú bírò àti ìwé lọ́wọ́.